A Gbé Ọmọ Ọwọ́ Wọ Bàálù, Láti Ìdí-Àràbà dé Jẹ́dà

Ẹni tí ó bá ń gbé Ìdí-Àràbà kò lè sọ pé òun kò mọ ìró bàálù. Láàárọ̀, lọ́sàn-án, lóru, a máa ń gbọ́ ọ bí ó ti ń kùn bọ̀ láti apá Ìkẹjà, tí yóò gba ojú ọ̀run kọjá, tí yóò sì doríkọ òkun. Àwọn ọmọ wa a máa sáré jáde láti juwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n gbígbọ́ ìró rẹ̀ ọ̀tọ̀, wíwọ inú rẹ̀ ọ̀tọ̀. Púpọ̀ nínú àwọn ìyá àgbà àdúgbò wa ni kò fi ẹsẹ̀ kan inú bàálù rí, bẹ́ẹ̀ ni pápá ọkọ̀ òfurufú náà kò tó máìlì mẹ́wàá sí ẹnu ọ̀nà wọn.

Fún ẹ̀yin òǹkàwé tí ẹ kò mọ Èkó dáadáa, Ìdí-Àràbà wà láàárín Mùṣín àti Sùúrùlérè. Igi àràbà ni ó sọ ọ́ lórúkọ, ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn ni ó sọ ọ́ di olókìkí. Láti ọdún 1962 tí Ilé Ìwòsàn Ńlá ti Yunifásítì Èkó ti ṣí sílẹ̀ ní àdúgbò wa, kò sí ẹ̀yà tí ẹ kò ní bá pàdé ní ojú títì wa, nítorí àìsàn kì í ṣe ẹlẹ́yàmẹ̀yà. Aboyún ń wọlé, abiyamọ ń jáde, àwọn tí ń ta ọ̀já, ọṣẹ ọmọ àti ìlédìí sì jókòó sí ẹ̀bá ọ̀nà ní ìrètí wọn. Kò jìnnà sí ibẹ̀ tí mo ti ń pe ìrun gẹ́gẹ́ bí ládánì. Iṣẹ́ mi kò béèrè pé kí n mọ ohunkóhun nípa bàálù, àfi ìgbà tí ọ̀ràn ọmọ mi obìnrin dé.

Ó pé ọdún márùn-ún nílé ọkọ kí Ọlọ́run tó fún un ní ọmọ. Ní àkókò tí ó ń wá ọmọ náà ni ó jẹ́jẹ̀ẹ́ pé bí Ọlọ́run bá dá òun lóhùn, òun yóò lọ dúpẹ́ ní Mẹ́kà. Ọmọ dé, ọkùnrin ni, ọkọ rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú owó. Nígbà tí owó náà yóò fi pé, oṣù Rajab ọdún 1445 ti wọlé, èyí tíí ṣe oṣù kìíní ọdún 2024. Iṣẹ́ kò jẹ́ kí ọkọ ráyè lọ, ó sì bẹ̀ mí pé kí n bá wọn lọ ṣe Ùmúrà. Ọmọ náà jẹ́ ọmọ oṣù mẹ́wàá nígbà náà, ó ń mu ọmú, ó ń fi ògì díẹ̀ lé e.

Ìyá mi kò fẹ́ gbọ́ ọ rárá. Ó pè mí sí yàrá rẹ̀ lẹ́yìn ìrun Íṣàì.

"Ládánì, ṣé o gbọ́ ohun tí ọmọ rẹ ń wí? Ọmọ tí àwùjẹ̀ rẹ̀ kò tíì dí ni ẹ fẹ́ gbé lọ sójú sánmà? Bí etí rẹ̀ bá dí ńkọ́? Bí afẹ́fẹ́ bá gbà á lára ńkọ́? Ẹ fi í sílẹ̀ fún mi, ọ̀sẹ̀ méjì kò pọ̀ jù."

Ọmọ mi obìnrin kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó ní, "Ìyá Àgbà, ẹ má bínú. Nítorí ọmọ yìí ni mo ṣe ń lọ dúpẹ́. Bí mo bá fi í sílẹ̀, ta ni yóò fún un lọ́mú lóru? Wàrà inú agolo, kò fi ẹnu kàn án rí."

Ọ̀rọ̀ náà le fún mi láàárín àwọn méjèèjì. Ní ti ẹ̀sìn, ẹ̀rù kò bà mí. Gbogbo ẹni tí ó bá ka hádíìsì ni ó mọ ìtàn obìnrin tí ó pàdé Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a) ní ibi tí wọ́n ń pè ní Rawha, tí ó gbé ọmọ rẹ̀ sókè tí ó sì béèrè bóyá ọmọ náà ní Háájì. Ànábì dá a lóhùn pé ó ní i, àti pé ìyá náà ní ẹ̀san tirẹ̀. Ṣùgbọ́n pé nǹkan tọ́ nínú ẹ̀sìn kò sọ pé ara ọmọ lè gbà á. Nítorí náà mo tọ nọ́ọ̀sì kan lọ ní òpópónà wa, obìnrin tí ó ti pẹ́ lẹ́nu ìtọ́jú ọmọ wẹ́wẹ́.

Ó rẹ́rìn-ín nígbà tí mo sọ ọ̀rọ̀ àwùjẹ̀. Ó ní, "Alfa, ẹ bá mi kí Ìyá Àgbà. Ẹ sọ fún wọn pé àwùjẹ̀ kò ní ohunkóhun í ṣe pẹ̀lú bàálù. Ti etí ni wọ́n rí sọ." Ó wá là á yé mi báyìí. Bàálù ńlá máa ń fò ní ẹsẹ̀ bàtà 35,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, níbi tí afẹ́fẹ́ ti fẹ́lẹ́ tí ènìyàn kò lè mí. Ẹ̀rọ wá ń ti afẹ́fẹ́ sínú ọkọ̀ náà, ṣùgbọ́n kì í tì í tó ti ilẹ̀ Èkó. Bí ẹni tí ó wà lórí òkè gíga tí ó tó ẹsẹ̀ bàtà 6,000 sí 8,000 ni ará inú ọkọ̀ ṣe rí. Afẹ́fẹ́ díẹ̀ sì wà nínú etí gbogbo wa, lẹ́yìn awọ ìlù etí, tí ihò tín-ín-rín kan so ó pọ̀ mọ́ ọ̀nà ọ̀fun. Bí ọkọ̀ bá ń gòkè tàbí tí ó ń sọ̀ kalẹ̀, afẹ́fẹ́ inú etí àti ti òde kò ní dọ́gba mọ́, awọ etí yóò sì máa fà. Àgbàlagbà yóò gbé itọ́ mì, yóò yán, etí yóò là. Ọmọ ọwọ́ kò mọ èyí, ihò tirẹ̀ sì tún kéré ju tiwa lọ.

Mo béèrè pé kí wá ni oògùn rẹ̀. Ó ní, "Ọmú ni. Bí ó bá ń mu, ó ń gbé mì. Bí ó bá ń gbé mì, etí ń là. Ìgbà tí ọkọ̀ bá ń sọ̀ kalẹ̀ ni kí ẹ ṣọ́ jù. Bí ó bá ń sùn, ẹ jí i, nítorí ẹni tí ó bá sùn kì í gbé itọ́ mì púpọ̀." Ó fi kún un pé ọmọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bí kí ó dúró ná, ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé kí a tó bí i àti ọmọ tí ọkàn tàbí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ kò le, kí dókítà yẹ̀ wọ́n wò kí òbí tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ọyẹ́ ń mú lákòókò náà, gbogbo ọmọ Ìdí-Àràbà ni imú ń ṣomi. Ó ní bí ọ̀fìnkìn bá dí ọmọ náà nímú tàbí tí etí bá ń dùn ún ní ọjọ́ ìrìn àjò, kí a sún ọjọ́ síwájú. Èmi náà rò ó bẹ́ẹ̀: ẹ̀jẹ́ ọmọ mi kò ní ọjọ́ lórí, Kááḅà kò sì ní kúrò níbi tí ó wà.

Bí mo ti sọ èyí fún Ìyá Àgbà, kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó kàn ní kí wọ́n bá òun gbé ọmọ náà wá, ó sì yẹ etí rẹ̀ wò, ọ̀tún àti òsì.

Ọ̀ràn ìwé ni ó kàn. Láyé àtijọ́ a lè kọ orúkọ ọmọ sínú ìwé ìrìnnà ìyá rẹ̀. Lóde òní, ọmọ ọwọ́ ní láti ní tirẹ̀, ó sì ní láti ní físà tirẹ̀ pẹ̀lú. Ìwé ọjọ́ ìbí láti ọ̀dọ̀ Àjọ Ìkànìyàn ni ẹ ó kọ́kọ́ wá, nítorí láìsí i, àwọn Ìmígíréṣọ̀n kò ní dá yín lóhùn. Lẹ́yìn náà ni lẹ́tà tí ó fi hàn pé bàbá àti ìyá gbà kí ọmọ rìnrìn àjò. Ọjọ́ tí wọ́n ń ya àwòrán rẹ̀, oorun gbé e lọ; ìyá rẹ̀ ń pàtẹ́wọ́, èmi ń mi kọ́kọ́rọ́, ọ̀gbẹ́ni tí ń ya àwòrán ń ṣe bí àkùkọ, kí ojú rẹ̀ tó là. Àwòrán náà dà bí ẹni tí ó ń bínú sí gbogbo wa.

Abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, ẹ má fi í ṣeré. Lórílẹ̀-èdè wa, oṣù kẹsàn-án ni a máa ń gún un fún ọmọ ní ibi ìgbàbẹ́rẹ́, nítorí náà ọmọ wa ti gbà á. Ṣùgbọ́n káàdì kékeré tí ó wà lọ́wọ́ ìyá láti ibi ìgbàbẹ́rẹ́ kì í ṣe èyí tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ arìnrìn-àjò. Ti arìnrìn-àjò ni káàdì aláwọ̀ ìyeyè, tí ó ti di èyí tí ẹ̀rọ ń kà láti ọdún 2019. Ó sì di ọjọ́ kẹwàá lẹ́yìn abẹ́rẹ́ kí ó tó jẹ́ ìtẹ́wọ́gbà, nítorí náà ẹ má dúró di ọ̀sẹ̀ tí ẹ ó lọ. Ẹni tí ó bá ti gbà á lẹ́ẹ̀kan, títí ayé rẹ̀ ni. Láti ọdún 2016 ni wọ́n ti fagi lé òfin ọdún mẹ́wàá ti tẹ́lẹ̀.

Ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì, bí yóò bá jókòó lẹ́sẹ̀ ìyá rẹ̀, nǹkan bí ìdá mẹ́wàá owó àgbàlagbà ni yóò san fún ìrìn àjò òkè òkun. Ọjọ́ tí ó bá pé ọdún méjì, ó di ẹni tí ń gba àyè tirẹ̀. Wọ́n tún ní ibùsùn kékeré kan tí wọ́n ń so mọ́ ara ògiri níwájú àwọn ìjókòó kan, ṣùgbọ́n kò pọ̀, ẹni tí ó bá tètè béèrè ni ó ń rí i. Ẹni tí ó bá wa ṣètò tíkẹ́ẹ̀tì ní òun ti béèrè. Nígbà tí a wádìí, kò béèrè. Ẹ fi ẹnu ara yín béèrè.

Nígbà tí mo ń to gbogbo ìwé wọ̀nyí sínú àpò, mo ń rántí ohun tí àwọn alfa ilé kéwú wa máa ń sọ nípa àwọn ará ìgbàanì, tí wọ́n fi ẹsẹ̀ gba Bọ̀rọ̀nú àti ilẹ̀ Sùdáànì lọ sí Mẹ́kà. Ọdún púpọ̀ ni àwọn mìíràn fi wà lọ́nà. Wọ́n á dúró dá oko, wọ́n á bímọ, wọ́n á já ọmọ náà lẹ́nu ọmú, wọn kò tíì rí Òkun Pupa. Àwọn mìíràn kò padà wá mọ́. Àwọn ọmọ ọmọ wọn ṣì wà ní Sùdáànì di òní. Àwọn ìyá yẹn kò rí nọ́ọ̀sì kankan béèrè lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọjọ́ pé. A gba Mùṣín jáde sí Òṣòdì, ọyẹ́ bo ojú ọ̀run bí èéfín, a dé pápá ọkọ̀ òfurufú Mùrítàlá Mùhámọ́ọ̀dù ní wákàtí mẹ́rin ṣáájú àkókò. Orúkọ olórí ìjọba ológun tí wọ́n pa ní Èkó ní oṣù kejì ọdún 1976 ni ó ń jẹ́. Ọdún 1979 ni wọ́n ṣí ilé èrò àkọ́kọ́ ibẹ̀, wọ́n sì ṣí èkejì ní ọdún 2022. Ọmọ wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀, ọ̀já gbà á pinpin, ó ń sùn. Nígbà tí a dé ibi tí wọ́n ti ń yẹ ara ènìyàn wò, obìnrin ẹ̀ṣọ́ náà ní, "Ìyá ọmọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọmọ kalẹ̀." Gbogbo ọmọ ni wọ́n ń sọ̀ níbẹ̀, ọ̀já ń gba inú ẹ̀rọ kọjá, ìyá ń gbé ọmọ lọ́wọ́ kọjá. Ẹ̀yin ìyá, ẹ má wọ aṣọ tí ó lẹ́kùn púpọ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹnìkejì yín wà nítòsí láti gba ẹrù. Omi àti ohun mímu tí ó bá ju ìwọ̀n kékeré kan lọ, wọn kì í jẹ́ kí ó kọjá, ṣùgbọ́n wọ́n ń yọ̀ǹda oúnjẹ ọmọ bí ẹ bá fi hàn wọ́n. Ògì gbígbẹ ni ọmọ mi gbé. Inú ọkọ̀ ni wọ́n ti fún un ní omi gbígbóná.

Ọkọ̀ àwọn ará Etiópíà ni a wọ̀. Mo ní kí ọmọ mi jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, èmi sì jókòó sí àárín òun àti ọkùnrin tí a kò mọ̀, kí ó lè fi ìborùn rẹ̀ bo ara láti fún ọmọ lọ́mú ní ìrọ̀rùn. Òṣìṣẹ́ ọkọ̀ gbé bẹ́líìtì kékeré kan wá, èyí tí wọ́n ń kì bọ inú bẹ́líìtì ìyá kí ó tó yí ọmọ ká. Ọmọ mi béèrè bóyá òun lè pọ̀n ọ́n dípò. Ó ní rárá, kì í ṣe nígbà tí ọkọ̀ bá ń gòkè tàbí tí ó bá ń sọ̀. Wọ́n tún ṣàlàyé pé bí afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ bá lọ sílẹ̀, ìbòmú yóò já bọ́ láti òkè, kí ìyá kọ́kọ́ fi ti ara rẹ̀ bo imú kí ó tó fi ti ọmọ bo ti ọmọ. Mo rí i tí ọmọ mi fajú ro. Ìyá wo ni yóò kọ́kọ́ tọ́jú ara rẹ̀? Mo sọ fún un pé bí ìyá bá dákú, ta ni yóò bo imú ọmọ? Ó mi orí, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé kò wọ̀ ọ́ lára.

Mo ka àdúà ìrìn àjò. Ọkọ̀ sáré, ó gbéra, ikùn mi kù sílẹ̀. Lábẹ́ ìborùn, ọmọ ń mu ọmú rẹ̀ wọ̀ọ̀ wọ̀ọ̀ bí ẹni tí nǹkan kan kò ṣe. Ìgbà tí òkun fi hàn lábẹ́ wa, ó ti sùn.

Wákàtí márùn-ún ni sí Adísì Ábábà. A kọjá lórí Kamẹrúùnù àti àwọn ilẹ̀ tí ó wà láàárín Áfíríkà. Wọ́n so ibùsùn kékeré náà, ọmọ lò ó fún wákàtí kan. Lẹ́yìn ìyẹn, iná bẹ́líìtì tàn, afẹ́fẹ́ ń mi ọkọ̀ jìgìjìgì, wọ́n ní kí ìyá gbé e padà sára. Ó jí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ọmú, kò gbà. Ògì, ó tutọ́ rẹ̀ dànù. Arákùnrin tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pòṣé. N kò mọ ohun tí ó ń ṣe irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀. Àfi bí ẹni pé àgbà ni wọ́n bí wọn. Nígbà tí iná náà kú, ọmọ mi fa ọ̀já yọ nínú báàgì, ó dìde, ó tẹ̀ síwájú díẹ̀, ó gbé ọmọ sẹ́yìn, ó dì í. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ rìn bọ̀ láàárín ìjókòó, ó ń kùn ín lórin pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ọmọ ti gbé orí lé e lẹ́yìn. Ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ dúró wò ó, ó rẹ́rìn-ín, ó sọ pé ìyá òun náà pọn òun bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí a ń sọ̀ sí Adísì, ìyá jí ọmọ, ó fún un lọ́mú, a ń retí igbe. Igbe kò wá. Èmi rò pé ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì ti ṣẹ pátápátá, àfi ìgbà tí mo gbọ́ bí ìlú náà ti ga tó. Pápá ọkọ̀ òfurufú Adísì lé ní ẹsẹ̀ bàtà 7,600 lórí òkun. Bí afẹ́fẹ́ inú bàálù ti rí lókè náà ni ó ṣe rí ní ìlú yẹn, nítorí náà etí kò ní iṣẹ́ púpọ̀ láti ṣe. Iṣẹ́ náà wà níwájú, ní Jẹ́dà tí ó jókòó sí ẹ̀bá òkun.

Òtútù Adísì bá wa nínú ilé èrò. Mo sọ fún ọmọ mi pé ilẹ̀ yìí ni Hábáṣà tí a ń kà nínú ìtàn, níbi tí àwọn Mùsùlùmí àkọ́kọ́ sá wá ní nǹkan bí ọdún 615 nígbà tí Mẹ́kà kò rọgbọ mọ́ fún wọn. Obìnrin wà nínú wọn, Rukayatu ọmọ Ànábì wà nínú wọn. Asmáù ọmọ Umays, ìyàwó Jafaru ọmọ Abu Talib, ilẹ̀ Hábáṣà ni ó bí Abdullahi ọmọ rẹ̀ sí. Ọdún 628 ni Jafaru àti àwọn tí ó kù fi ọkọ̀ ojú omi sọdá Òkun Pupa padà sọ́dọ̀ Ànábì. Ọmọ mi dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ṣé nínú ọkọ̀ ojú omi ni Asmáù gbé àwọn ọmọ rẹ̀ sọdá?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó tún ìlédìí ọmọ rẹ̀ ṣe, kò sọ nǹkan mìíràn.

Ibẹ̀ ni mo ti wọ aṣọ háráámì mi. Àwọn kan bi mí bóyá kí a bọ́ ọmọ láṣọ náà, nítorí òtútù ń mú gan-an nínú ọkọ̀. Ní ọ̀nà Málíkì tí àwa ń tọ̀, alágbàtọ́ ọmọ ni yóò dá àníyàn fún ọmọ ọwọ́, wọn kì í sì í bọ́ aṣọ rírán kúrò lára rẹ̀ títí wọn yóò fi súnmọ́ Haram. Ẹni tí ó bá fẹ́, ó lè fi ọmọ sílẹ̀ láìdá háráámì fún un rárá. Fún Háájì ọdún 2025, ìjọba Saudi tilẹ̀ kéde pé kí wọ́n má mú ọmọdé wá rárá nítorí àpọ́jù èrò. Kí ẹni tí ó bá ń gbèrò rẹ̀ kọ́kọ́ wádìí òfin ọdún tirẹ̀.

Alẹ́ ti lẹ́ nígbà tí wọ́n kéde pé míkáàtì súnmọ́. Gbogbo ọkọ̀ gba talibíyà. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni a bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀, mo sì gbọ́ tí etí tèmi ń pariwo. Ọmọ ti mu àmuyó ní Adísì. Nígbà tí ìyá rẹ̀ gbé ọmú fún un, ó yí ojú kúrò. Ó gbá etí rẹ̀ mú, ó ké igbe tí ó la ọkọ̀ já. Ìyá rẹ̀ gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí ó yá, ó fi ṣíbí kékeré bù omi, ó ń kán an sí i lẹ́nu díẹ̀díẹ̀. Ó ń gbé e mì, ó ń ké, ó ń gbé e mì. Igbe náà pàápàá ń ṣe iṣẹ́ tirẹ̀, gẹ́gẹ́ bí nọ́ọ̀sì ti sọ, nítorí ó ń la ihò etí. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ ìyẹn fún ìyá tí ọmọ rẹ̀ ń ké? Omijé ń bọ́ lójú òun náà. Kí táyà ọkọ̀ tó kan ilẹ̀, ọmọ ti dákẹ́, ó ń wo iná ìlú láti ojú fèrèsé.

Ní Mẹ́kà, ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ ni ó wà fún ìyípo méjèèje. Àwọn obìnrin ilẹ̀ òkèèrè ń yà sí ẹ̀gbẹ́ láti wo ọ̀já.

Nígbà tí a ń padà bọ̀, ọmọ mi ti gbọ́n sí i. Èkó náà wà lẹ́bàá òkun bí Jẹ́dà, ó sì mọ ohun tí yóò dé. Láti wákàtí kan àbọ̀ ṣáájú, nígbà tí ọmọ ń tọrọ ọmú, ó fi orin àti ìṣeré tàn án, ó fi ebi pa á díẹ̀. Bí wọ́n ti kéde pé a ti ń sọ̀ sí Èkó, ó nawọ́ fa ìborùn, ó gbé ọmọ sínú rẹ̀. Mo ń gbọ́ ọ tí ó ń gbé mì títí a fi balẹ̀. Ó tú bẹ́líìtì rẹ̀, ó wá ọ̀já nínú báàgì, ó pọ̀n ọ́n, a sì jáde lọ wá mọ́tò tí yóò gbé wa lọ sí Òṣòdì.